Bí Ẹgbẹ́ Kékeré ní Àbújá Ṣe Lè Dúró Ti Ọmọ Ilé-Ìwé Títí Yóò Fi Parí

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Àbújá ló fẹ́ ran àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́, àmọ́ ìrànwọ́ náà kì í sábà ju ọjọ́ kan lọ. Wọ́n á ra ìwé àti báàgì, wọ́n á kó àwọn ọmọ jọ sí pápá ilé-ìwé LEA kan, ìyẹn píráámárì ìjọba, ní Nyanya tàbí Kubwa, wọ́n á ya fọ́tò, ó tán. Kí táàmù kejì tó wọlé, ọmọ tó gba báàgì ti wà lẹ́bàá títì tó ń ta pure water, tàbí kó wà nínú kíláàsì láìmọ ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó. Kì í ṣe pé ẹgbẹ́ ya ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìlówó ló máa ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà. Iye ọmọ tí apá wa kò ká la máa ń mú, a kì í sì í yan ẹni tí yóò máa tẹ̀ lé ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹgbẹ́ tó ní nǹkan bí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá sí ọgbọ̀n, tó ń ṣèpàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀: kíláàsì ìwé kíkà fún àwọn ọmọ píráámárì, àti owó ilé-ìwé fún àwọn tó ti dé sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ lè mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí ẹ bá mú kíláàsì nìkan, ẹ fo Ìpele 5 sí 7.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́

- Èèyàn mẹ́rin, ó kéré tán, tí yóò wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Èèyàn ogún tó wá lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀ kò lè rọ́pò wọn.
- Ẹnì kan tó gbọ́ Hausa dáadáa. Bí ẹ bá ń lọ sí abúlé àwọn Gbagyi, ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè wọn.
- Àkáńtì tí èèyàn méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí owó tó jáde. Ẹ má lo àkáńtì akápò, bó ti wù kó jẹ́ olóòótọ́ tó.
- Ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta: ti owó, ti orúkọ àwọn ọmọ, àti ti wíwá sí kíláàsì.
- Ilé-ìwé kan ṣoṣo. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní méjì.

Ní ti ìforúkọsílẹ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kékeré láìtíì dé CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí ilé-ìwé bá ti gbà. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ ṣí àkáńtì lórúkọ ẹgbẹ́, tí ẹ sì fẹ́ máa gba owó lọ́wọ́ ará ìta, ẹ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ Apá F nínú òfin CAMA ti 2020, ìyẹn ibi tí wọ́n ń forúkọ ẹgbẹ́ tí kì í ṣòwò sílẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn, kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ̀rọ̀ láàárín ọjọ́ 28. Báǹkì á sì tún béèrè ìwé ẹ̀rí láti SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń dènà fífi ẹgbẹ́ bo owó jìbìtì mọ́lẹ̀. Ó ń gba àkókò, nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ ka owó yín kí ẹ tó ka ọmọ

Owó tó ń wọlé lóòótọ́ ni kí ẹ kà, ẹ má ka èyí tí àwọn èèyàn ṣèlérí nípàdé. Ká ní èèyàn ogún ló ń dá ₦5,000 lóṣù. ₦100,000 nìyẹn lóṣù, ₦1,200,000 lọ́dún. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sọ́tọ̀, ìyẹn ₦300,000, torí iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, wọ́n á gbé ẹlòmíràn kúrò ní Àbújá, owó ilé-ìwé náà á sì gbówó lórí sí i. Ó ku ₦900,000. Ìgbà náà ni kí ẹ tó lọ béèrè iye tí ọmọ SS1 kan ń ná lọ́dún ní ilé-ìwé tí ẹ yàn: owó táàmù, aṣọ, ìwé, owó PTA, owó ọkọ̀ lójoojúmọ́. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦150,000. Ọmọ mẹ́fà lagbára yín gbé.

Ibi tí ẹgbẹ́ ti ń kọsẹ̀ nìyí. Wọ́n á mú ọmọ mẹ́fà lọ́dún yìí, inú gbogbo èèyàn á dùn, wọ́n á tún mú mẹ́fà lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n á gbàgbé pé ọdún mẹ́ta ló wà níwájú ọmọ tó wọ SS1, àti pé ọdún kẹta yẹn ló ń náni jù, nítorí WAEC, NECO àti JAMB. Tó bá di ọdún kejì, ọmọ méjìlá ti wà lórí owó ọmọ mẹ́fà, ìjà á dé nípàdé, àwọn ọmọ á sì padà sílé. Ọmọ méjì méjì ni kí ẹ máa mú lọ́dún. Ní ọdún kẹta, mẹ́fà á pé. Láti ìgbà náà lọ, méjì á máa jáde, méjì á máa wọlé, ohun tó bá ṣẹ́ kù láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ ni ẹ ó fi san owó ìdánwò àṣekágbá.

Kí ló dé tí mo fi mú SS1? Òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, láti píráámárì kìíní títí dé JSS3, di ọ̀fẹ́ àti dandan. Owó kéékèèké ṣì wà níbẹ̀, gbogbo òbí ló mọ̀ ọ́n, àmọ́ SS1 ni ẹrù náà ti ń wúwo lójijì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ, àwọn ọmọbìnrin pàápàá, ti ń dúró. Bí owó yín bá kéré, ibẹ̀ ni kí ẹ kó o sí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ṣíwọ́ dídá owó lóṣù yìí, ṣé ọmọ tí ẹ mú lónìí lè kọ WAEC? Bí ìdáhùn kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dín iye ọmọ kù.

Ìpele 2: Ẹ gba àyè

Ẹ kọ́kọ́ lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé, kí ẹ mú lẹ́tà tó sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ọjọ́ wo, aago mélòó, àti àwọn ta ni yóò máa wá. Yóò darí yín sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Mẹ́fà ni ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní FCT: AMAC, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji. Ẹ mọ èyí tí ilé-ìwé náà wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó máa kiri. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà Keffi ni èyí máa ń dà láàmú jù, torí abẹ́ AMAC ni Nyanya wà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti dé Mararaba, ìjọba ìbílẹ̀ Karu ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa lẹ wà yẹn. Àwọn tó ń ṣàkóso ilé-ìwé níbẹ̀ yàtọ̀, lẹ́tà tí ẹ gbà ní Àbújá kò sì ní wúlò fún wọn.

Lẹ́yìn ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ lọ kí mài ùngúwà (olórí àdúgbò), ìmáàmù àti pásítọ̀ tó wà nítòsí. Àwọn ni òbí máa ń bi pé, “Ṣé ẹ mọ àwọn èèyàn yìí?”

Ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Àkọ́kọ́, kíláàsì ìwé kíkà gbọ́dọ̀ wà fún gbogbo ọmọ ilé-ìwé náà. Nínú kíláàsì LEA kan, ẹ ó bá ọmọ Gbagyi, Hausa, Tiv, Ìgbò àti Yorùbá lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Bí ẹgbẹ́ bá ní ọmọ Yorùbá nìkan lòun ń wá, ọ̀gá ilé-ìwé á kọ̀, ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ti owó ilé-ìwé, ẹ lè ní àwọn ọmọ àdúgbò tàbí ọmọ ìlú yín ni ẹ ń san an fún, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ síta látìbẹ̀rẹ̀.

Ìkejì ni ààbò ọmọ. FCT wà lára ibi tí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kí àgbàlagbà méjì máa wà nínú yàrá nígbà gbogbo. Kí ẹnikẹ́ni má dá gbé ọmọ sínú ọkọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má na ọmọ, ìbáà jẹ́ pé òbí gan-an ló ní kí ẹ nà án. Kí fọ́tò ọmọ má sì dé orí Facebook láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i. Òfin ààbò ìsọfúnni tó jáde ní 2023 béèrè fún ìyọ̀ǹda òbí, àmọ́ kódà ká ní kò sí òfin, ọmọ tí ẹ fi fọ́tò rẹ̀ síta pé ó jẹ́ tálákà yóò dàgbà, yóò sì bá a níbẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ní lẹ́tà ìgbàyè lọ́wọ́, ọ̀gá ilé-ìwé sì ti fi yàrá tí ẹ ó máa lò hàn yín pẹ̀lú ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ Sátidé ló ti bàjẹ́ torí mẹ́gáàdì kò sí nílé.

Ìpele 3: Ẹ mọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè kà

Ẹ má bi ọmọ ní kíláàsì tó wà. Ohun tó lè kà ni kí ẹ wò. Àwọn ará Pratham ní Íńdíà ló sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀, Teaching at the Right Level ni wọ́n ń pè é, ìyẹn kíkọ́ ọmọ láti ibi tí òye rẹ̀ dé, ó sì ti dé àríwá Nàìjíríà pẹ̀lú. Kò gba ẹ̀rọ, kò sì gba owó.

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ pín in sọ́nà mẹ́rin. Ẹ kọ lẹ́tà mẹ́wàá gàdàgbà sí apá kìíní. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú mẹ́wàá sí ìkejì. Ẹ kọ ìpínrọ̀ gbólóhùn mẹ́rin sí ìkẹta, àti ìtàn ìlà bíi mẹ́wàá sí ìkẹrin. Ẹ pe ọmọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí àwọn yòókù kò ti lè gbọ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpínrọ̀. Bó bá kà á dáadáa tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, ẹ gbé ìtàn fún un. Bí kò bá lè kà á, ẹ padà sí ọ̀rọ̀, kó mú márùn-ún tó wù ú. Bó bá gba mẹ́rin, ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ ló wà. Bí kò bá gbà á, ẹ lọ sí lẹ́tà, kó tún mú márùn-ún. Bí kò bá mọ mẹ́rin nínú lẹ́tà márùn-ún, ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá ló wà. Ọmọ kan kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ohun tó máa ń tan olùkọ́ jẹ ni àkọ́sórí. Ọmọkùnrin kan ní píráámárì kẹrin á dìde, á gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sókè, á ka odindi ojú-ewé já geere. Ẹ fi ọwọ́ bo ìlà méjì àkọ́kọ́, ẹ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín ìlà kẹta, “market”, kí ẹ ní kó kà á. Á dákẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ ó rí ètè rẹ̀ tó ń mì: ó ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ojú-ewé, ó ń sọ ọ́ sínú, kó lè bá a dé orí ọ̀rọ̀ náà. Kò mọ “k” yàtọ̀ sí “h”. Ọdún mẹ́rin ló ti fi wà ní ilé-ìwé, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, torí pé ohùn rẹ̀ já gaara. Nítorí náà, ẹ má fi ìwé tí wọ́n ń lò ní kíláàsì dán ọmọ wò láé.

Èdè wo ni kí ẹ lò? Bó bá jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù níbẹ̀, bí ẹgbẹ́ bá ń ṣe é ní gbọ̀ngàn ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí fún àpẹẹrẹ, ẹ fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà 25 ló ní, bí wọ́n sì ṣe kọ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é, ọmọ á tètè rí i pé òun ń kàwé lóòótọ́. Gẹ̀ẹ́sì á wá rọrùn lẹ́yìn rẹ̀. Ní ilé-ìwé LEA tí èdè ti dàpọ̀, ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, kí ẹ sì fi Hausa ṣàlàyé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Orúkọ gbogbo ọmọ ti wà lábẹ́ ọ̀kan nínú ìsọ̀rí márùn-ún: ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́tà, ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀, ìtàn. Kí olùkọ́ mìíràn tún dán ọmọ bíi márùn-ún wò láìwo èsì àkọ́kọ́. Bí èsì yín bá yàtọ̀ síra, ẹ tún ọ̀nà tí ẹ fi ń dánni wò ṣe kí ẹ tó kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìpele 4: Kíláàsì gan-an

Ẹ bi àwọn òbí nípa ọjọ́ kí ẹ tó mú un. Ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ló ń lọ sí ilé-kéwú láàárọ̀ Sátidé àti Sọ́ńdè, àwọn ọmọ ìjọ náà sì ní Sọ́ńdè tiwọn. Ẹgbẹ́ tó fi aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé sí i nítorí pé ó rọ àwọn olùkọ́ lọ́rùn ti lé ìdajì àwọn ọmọ dànù kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán Sátidé àti ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá jáde, ló sábà ń dára jù. Wákàtí kan àbọ̀ tó.

Ẹ pín àwọn ọmọ sí ìsọ̀rí bí ìdánwò ṣe fi hàn. Ọmọ píráámárì kẹfà lè jókòó pẹ̀lú ti píráámárì kejì. Ẹ má dárúkọ ìsọ̀rí ní “kíláàsì àwọn tí kò mọ̀wé”. Ẹ fún un ní orúkọ ẹyẹ tàbí èso, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé èèyàn ń kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Fún ìsọ̀rí lẹ́tà, ẹ gé páálí indomie sí wẹ́wẹ́, kí ẹ kọ lẹ́tà sí i, kí àwọn ọmọ máa tò ó pọ̀ di ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Fún ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ àti ìpínrọ̀, olùkọ́ á kà, gbogbo wọn á kà, ẹnì kọ̀ọ̀kan á kà, lẹ́yìn náà wọ́n á kọ gbólóhùn kan tiwọn. Àwọn ti ìsọ̀rí ìtàn nílò ìwé ìtàn tí wọ́n lè mú lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un lọ. Àwọn kan á sọ nù, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ìwé tó ń jẹrà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa ni ìpàdánù tó burú jù.

Ibi tí olùkọ́ Sátidé ti ń ṣìnà jù ni pé yóò dúró níwájú pátákó, yóò máa sọ̀rọ̀. Bí ohùn olùkọ́ bá ju ohùn àwọn ọmọ lọ nínú yàrá, nǹkan ti wọ́.

Ẹ sì san owó ọkọ̀ fún àwọn tó ń kọ́ wọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Láti Gwarinpa dé Nyanya lọ-àbọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, owó gidi ni fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí agùnbánirọ̀, àwọn wọ̀nyẹn sì ni olùkọ́ yín tó dára jù. Owó tí wọn kò rí wọ ọkọ̀ ni yóò dá wọn dúró sílé, wọn kò sì ní sọ fún yín.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ẹ tún gbé bébà ìdánwò náà jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àti ìpínrọ̀ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọmọ gbọ́dọ̀ ti kúrò nínú ìsọ̀rí tí wọ́n wà. Bí ìsọ̀rí kan kò bá mì rárá, ẹ lọ jókòó nínú rẹ̀ fún odindi kíláàsì kan, kí ẹ ka iye ìgbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ẹnu ara rẹ̀ kàwé.

Ìpele 5: Yíyan ọmọ tí ẹ ó san owó fún

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń tú ẹgbẹ́ ká. Ọmọ ẹ̀gbọ́n alága, ọmọ ìyá ìjọ, ọmọ ẹni tó dá owó jù. Ẹ kọ òfin yíyàn sílẹ̀ kí orúkọ ọmọ kankan tó wọlé, kí ìpàdé sì fọwọ́ sí i: ọmọ tàbí ẹbí ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ kò lè gbà á, ẹni tó mọ ẹbí ọmọ kan á jáde síta nígbà tí wọ́n bá dé orí ọmọ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ kan fún fọ́ọ̀mù.

Kí fọ́ọ̀mù má ju ojú-ewé kan lọ. Ẹ má béèrè àròkọ Gẹ̀ẹ́sì gígùn, torí ẹ̀gbọ́n tàbí olùkọ́ ni yóò bá a kọ ọ́. Ẹ pe ọmọ, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ kọ́ àti ìdí rẹ̀, ní èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Nínú máàkì 100, èmi á fi 40 sí àìní ilé, 30 sí wíwá sí ilé-ìwé, 20 sí èsì ìdánwò, 10 sí ọ̀rọ̀ olùkọ́ kíláàsì. Àwọn kan á fẹ́ kí èsì ìdánwò gba èyí tó pọ̀ jù. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Rẹ́jísítà ni ẹ̀rí tó dájú jù tí mo mọ̀: ọmọ tí wọ́n ń lé sílé nítorí owó, tó sì tún ń padà wá ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jẹ́ kó wọlé, òun ló máa parí bí ẹ bá ràn án lọ́wọ́.

Kí èèyàn méjì lọ sílé ọmọ náà, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí ọ̀kan sì gbọ́ èdè ilé náà. Ẹ má wo tẹlifíṣọ̀n. Bàbá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù tó kọjá lè ṣì ní tẹlifíṣọ̀n. Ẹ béèrè ẹni tó san owó táàmù tó kọjá, bí ọmọ ṣe ń dé ilé-ìwé, àti ohun tó ń ṣe láàárín ìgbà tó bá jáde sí ìgbà tí ilẹ̀ ṣú. Bó bá ń bá ìyá rẹ̀ tajà, ẹ mọ iye tí ọjà yẹn ń mú wọlé, torí pé ilé náà ń pàdánù rẹ̀ bí ọmọ bá ń lọ sí ilé-ìwé déédéé, ẹ kò sì lè ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin, ẹ bá bàbá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì bá ìyá sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó láìfi bò: ṣé ẹnikẹ́ni ti wá tọrọ rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí bàbá ṣèlérí lójú ìmáàmù tàbí pásítọ̀ rẹ̀ pé ọmọ yóò parí SS3. Kí ẹ sì fi owó páàdì àti owó ọkọ̀ kún ohun tí ẹ ń san. Owó kékeré ni, àmọ́ torí rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan lè máa pa ilé-ìwé jẹ lóṣooṣù.

Ẹ pe àwọn tí kò rí i gbà náà. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ lẹ́nu ará àdúgbò ni wọ́n ti máa gbọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá béèrè nípàdé pé kí ló dé tí ẹ mú lágbájá tí ẹ fi tàmẹ̀dò sílẹ̀, akọ̀wé lè gbé bébà máàkì jáde lójú ẹsẹ̀.

Ìpele 6: Ìwé ẹ̀rí, láti SS1

Ẹgbẹ́ lè san gbogbo owó, kí ọmọ ṣe dáadáa, kí orúkọ kan ṣoṣo sì dá a dúró. Lórí ìwé ìbí, ọmọ ń jẹ́ Oluwaseun Ibrahim. Akọ̀wé ilé-ìwé kọ Seun Ibraheem sínú rẹ́jísítà. Ẹni tó ṣe NIN kọ Oluwashewun, torí bó ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Orí NIN ni JAMB ti ń mú orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Ohun tí ilé-ìwé bá fi ránṣẹ́ ni WAEC ń tẹ̀ jáde. Nígbà tí ọmọ bá rí àyè wọ yunifásítì ni wàhálà á tó yọjú, ó sì lè ná wọn ní owó, ìrìn-àjò àti odindi ọdún kan.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá mú ọmọ:

1. Ẹ pe òbí jókòó. Kí wọ́n mú orúkọ àti bí wọ́n ṣe fẹ́ máa kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí bébà kan pẹ̀lú ọjọ́ ìbí, kí òbí fọwọ́ sí i.
2. Bí kò bá ní ìwé ìbí, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì NPC, àjọ ìkànìyàn, tó wà nítòsí. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18.
3. Ọ̀fẹ́ náà ni gbígba NIN. Àtúnṣe rẹ̀ ni wọ́n ń gba owó lé, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ dúró ti ọmọ níwájú ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ka orúkọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.
4. Ẹ mú bébà náà lọ fún akọ̀wé ilé-ìwé, kó tún rẹ́jísítà ṣe.
5. Kí ilé-ìwé tó fi orúkọ ránṣẹ́ sí WAEC ní SS3, kí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n tẹ̀.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí. JAMB ń fẹ́ kí ọmọ ti pé ọdún 16. Òbí tó fi ọdún méjì kún ọjọ́ orí ọmọ, tàbí tó yọ ọ́, kí ó lè wọ kíláàsì kan, á gbàgbé ohun tó kọ.

Ìwé kan tún wà tí ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Àbújá sábà máa ń fẹ́ kù: ìwé ọmọ onílùú láti ìjọba ìbílẹ̀ bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ bí i sí Kubwa, tí kò sì tíì dé Ìkìrun tàbí Ọ̀mù-Àrán rí, ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀ ni yóò ti béèrè owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìwé yìí ni wọ́n á sì kọ́kọ́ béèrè. Ẹ kó orúkọ jọ, kí ẹni tó bá ń lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésì bá wọn gbà á. Nǹkan tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lè ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ láìná owó nìyí, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé díẹ̀ ló ń ṣe é.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ to ìwé ìbí, NIN àti ohun tó wà nínú rẹ́jísítà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Orúkọ, ìtòtẹ̀léra rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀, ọjọ́ ìbí: gbogbo rẹ̀ bára mu.

Ìpele 7: Sísan owó

Àkáńtì ilé-ìwé ni kí ẹ san án sí, ẹ má fún òbí, ẹ má fún ọmọ, ẹ má sì fún olùkọ́ lọ́wọ́. Ní ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀, orí Remita ni wọ́n ti ń san án. Ẹ gba rìsíìtì tí orúkọ ọmọ wà lórí rẹ̀. Owó ọkọ̀ nìkan ló lè gba ọwọ́ ìyá, lóṣooṣù, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti táàmù lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ san án kí táàmù tó wọlé. Owó tó dé ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ti jẹ́ kí wọ́n lé ọmọ jáde níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ní ìparí oṣù, akápò fi iye tó wọlé, iye tó jáde àti fọ́tò rìsíìtì sórí WhatsApp ẹgbẹ́, ó sì fi nǹkan bo orúkọ ọmọ. Ẹnì kejì tó ń fọwọ́ sí àkáńtì ti fi ìwé báǹkì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìpele 8: Títẹ̀ lé ọmọ

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tí yóò máa bójú tó o. Ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí ni ọmọ á máa pè é. Kó máa pè é lórí fóònù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó lọ sí ilé-ìwé lẹ́ẹ̀kan ní táàmù, kó sì gba èsì ìdánwò lọ́wọ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀. Bí ọmọ bá pa ilé-ìwé jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó lọ sílé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kan, ọmọ náà lè ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

Bó bá fìdí rẹmi ní táàmù kan, ẹ má yọ ọ́. Ẹ wá ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò rí pátákó. Gíláàsì ojú ló ń fẹ́.

Nígbà tó bá wọ yunifásítì tàbí pólí ìjọba, iṣẹ́ yín yí padà. Òfin owó yíyá akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin 2024 ló gbé NELFUND kalẹ̀. NELFUND ń san owó ilé-ìwé tààrà sí àkáńtì ilé-ìwé náà, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè béèrè ₦20,000 lóṣù fún ìjẹ-ìmu. Ẹ jẹ́ kí òbí mọ̀ pé gbèsè ni, ọmọ á san án padà nígbà tó bá ríṣẹ́ lẹ́yìn NYSC. Kò ní èlé lórí. Ẹ sọ èyí ketekete fún àwọn òbí Mùsùlùmí tó ń sá fún ribà, torí ọ̀pọ̀ ló ti kọ̀ ọ́ láìbéèrè. Bí ọmọ bá gbà á, kí ẹgbẹ́ má tún san owó ilé-ìwé mọ́. Ẹ kó tiyín sórí owó tí wọ́n ń gbà kí ọmọ tó wọlé, ilé gbígbé àti owó ọkọ̀, kí ẹ sì mú ọmọ SS1 mìíràn.

Ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa ẹni tó bá ń gba owó kó tó fúnni ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá béèrè “owó fọ́ọ̀mù” lórí WhatsApp, kí ọmọ kọ́kọ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ẹgbẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí alága dárúkọ ọmọ kan láìsọ tẹ́lẹ̀, kó bi ẹni tó ń bójú tó o: ọjọ́ mélòó ló lọ sí ilé-ìwé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé ó jẹ ilé-ìwé ní owó, kí sì ni èsì ìdánwò rẹ̀ tó kẹ́yìn? Bí kò bá lè dáhùn láìṣí fóònù, ẹ fa ọmọ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ìpàdé tó tú.